Ọ́ìlì Kọ́ńdẹ́mù Inú Kànga Ìyá Hàrúnà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ẹjọ́ náà sì ń rùn. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Inú korobá ni olùpẹ̀jọ́ gbé e sí, orí ló fi rù ú wá, nígbà tó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì pupa Baálẹ̀, gbogbo ìjòyè ló fọwọ́ bo imú.

Ààfin tí mo ń wí yìí, pálọ̀ Baálẹ̀ Adégbóyè ni, lẹ́yìn Ring Road n'Ìbàdàn, bí èèyàn bá ń lọ sí Challenge. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti ń fi pàṣán lé wa jáde láti gbálẹ̀ ní Sátidé, ẹjọ́ ìdọ̀tí ti pọ̀ níwájú Baálẹ̀ ju ẹjọ́ ìyàwó lọ. Télọ̀ Baálẹ̀ ni èmi. Bùbá rẹ̀ ni mo gbé wá, ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ kí n máa lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí olùjẹ́jọ́ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ oyè, mo wá ìjókòó. Ara mi kì í gba irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Olùpẹ̀jọ́ ni Kùdírátù alágbàfọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Hàrúnà. Mùsùlùmí òdodo ni, ṣùgbọ́n òun ló ń fọ sútánà funfun fún gbogbo Aládùúrà àdúgbò wa títí dé Òkè Àdó. Olùjẹ́jọ́ ni Wándé mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri ilé Ìyá Hàrúnà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé Ẹnjinníà ni òun. Ta ló fi í jẹ Ẹnjinníà, a kò mọ̀.

Baálẹ̀ yọ ìka kúrò nímú. "Ìyá Hàrúnà, kí ló wà nínú korobá yìí?"

"Omi ni, Baálẹ̀."

"Omi wo ló dúdú báyìí?"

"Omi kànga mi ni. Wándé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

"Wándé, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Mo gbọ́, kò kàn yé mi ni. Ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe, n kì í tún kànga ṣe."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Baálẹ̀ wò wọ́n títí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu wọn.

"Ìyá Hàrúnà, sọ tẹnu rẹ."

"Baálẹ̀, ọkọ mi tó ti kú ló gbẹ́ kànga yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló wọnú rẹ̀, èmi ni mo ń fa yẹ̀pẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ omi ìjọba gbẹ, kànga mi kò gbẹ. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn ọ́n, n kì í lé ẹnikẹ́ni. Omi yẹn mọ́ débi pé tí mo bá fi fọ sútánà, n kì í wá búlúù aṣọ kiri. Òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Wándé wá yá ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri mi."

"Ó yá a, kí ló ṣe?"

"Ihò kan wà níbẹ̀. Onílẹ̀ fẹ́ gbẹ́ kànga nígbà kan, kò kan omi, ó sì fi í sílẹ̀. Ihò yẹn ni Wándé sọ di àkìtàn. Ọkọ̀ tó bá ti wá ṣe sáfíìsì, ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù rẹ̀, ọ́ìlì dúdú tó ti jó nínú ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ló ń dà á sí. Ọ́ìlì búréèkì, ibẹ̀ ni. Omi bátìrì, ibẹ̀ náà ni. Mo pè é, mo ní Wándé, jọ̀wọ́, kànga mi kò jìnnà síbí. Ó ní màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ògiri wà láàárín."

"Ògiri wà láàárín lóòótọ́!" Wándé pariwo. "Búlọ́ọ̀kù alágbára ni!"

Baálẹ̀ ní, "Lábẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Ògiri náà dé abẹ́ ilẹ̀?"

Wándé wo ìjòyè kan, ó wo òmíràn.

"Ìyá Hàrúnà, ìgbà wo ló wá dúdú báyìí?"

"Ó ti ń rùn díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìkòkò mi ló dọ̀tí ni. Sátidé ìmọ́tótó tó kọjá ló bàjẹ́ tán. Wọ́n ní wọlé-wọlé ń bọ̀. Wándé gbá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fọ sìmẹ́ńtì ilẹ̀, gbogbo dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì dúdú tó kó pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ló yí dànù sínú ihò yẹn. Ó da yẹ̀pẹ̀ pupa lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọlé-wọlé dé, ó wòtún wòsì, ó ní òun kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó mọ́ tó báyìí rí. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Baálẹ̀! Èmi tí ewé ìbẹ́pẹ já sílẹ̀ lójúde mi, ó ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí n gbọ́wọ́ sókè."

Baálẹ̀ fọwọ́ nu ẹnu. Mo rò pé ẹ̀rín ló fẹ́ pa á, àfi ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, mo rẹ sútánà àwọn akọrin sínú omi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo fà wọ́n jáde, Baálẹ̀, aṣọ Wándé ni mo rí. Gbogbo wọn ló dà bí aṣọ Wándé. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo fi oje ọsàn fọ̀ wọ́n, mo sè wọ́n lórí iná. Àwọn oníbàárà mi ti kó aṣọ wọn kúrò. Mi ò níṣẹ́ mìíràn, mi ò sì ní kànga mìíràn."

Ó dun èmi gan-an. Wándé ń yọ gírísì lábẹ́ èékánná.

"Wándé," ni Baálẹ̀ wí, "fọhùn."

"Baálẹ̀, ohun mẹ́ta ni mo ní láti sọ."

"Sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀."

"Kerosíìnì ni màmá dà sínú korobá yẹn. Ẹ̀tanú ni. Wọn kò fẹ́ràn ariwo ẹ́ńjìnì."

"Àyànníyì!" Baálẹ̀ pe ìránṣẹ́ rẹ̀. "Mú abọ́ funfun, lọ pọn omi nínú kànga náà fúnra rẹ. Máṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Àyànníyì lọ. Wándé gba ọ̀nà kejì.

"Èkejì, Baálẹ̀, n kò da ọ́ìlì kankan sílẹ̀ lọ́dún yìí."

"Kankan?"

"Ẹ̀kán kan, n kò dà á sílẹ̀."

Ọ̀tún Gbádérọ̀ ti ń mi orí láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni ọ̀rẹ́ Wándé nínú ìgbìmọ̀. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é jẹ́jẹ́. Ọmọ dáadáa ni Wándé. Òun ló ń tọ́jú Píjò mi. Àwọn obìnrin wa náà máa ń fẹ nǹkan lójú."

Baálẹ̀ bi í pé, "Ó ti ṣe sáfíìsì Píjò yín lọ́dún yìí?"

"Àìmọye ìgbà."

"Ó pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀?"

"Ó pààrọ̀ rẹ̀ kẹ̀! Èmi fúnra mi ni mo ra ọ́ìlì tuntun, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo ń mu Fáńtà, ó ń ṣiṣẹ́."

"Èyí tó tú jáde ńkọ́? Ibo ló wà?"

Ọ̀tún wo Wándé. Wándé wo òrùlé.

"Wándé," ni Ọ̀tún wí, "ibo ni ọ́ìlì tó jáde nínú Píjò mi wà?"

"Ọ̀tún, ẹ ṣì gbọ́ mi ná..."

"O ní o kò da ọ́ìlì kankan sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ̀kán kan, o kò dà á. Àbí èyí tó ti jó ṣì wà nínú ẹ́ńjìnì mi? Ibo ni tuntun tí mo gbé lé ọ lọ́wọ́ lọ?"

"Ó wọnú ọkọ̀, Ọ̀tún!"

"Lórí èyí tó ti jó?"

Ọ̀tún ti ká ọwọ́ agbádá lé èjìká. Baálẹ̀ rọra fara ti àga, ó ń gbádùn ara rẹ̀.

"Wándé, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún ọ," ni ó wí. "Nínú kí o da ọ́ìlì sílẹ̀ àti kí o rẹ́ Ọ̀tún jẹ, o ti ṣe ọ̀kan. Mú èyí tó wù ọ́."

Wándé wo apá Ọ̀tún. Apá náà tóbi.

"Mo dà á sílẹ̀," ló wí kíákíá. "Mo dà á sílẹ̀, Baálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá. Títí kan ti Ọ̀tún."

Ọ̀tún jókòó, ó ní, "Ó tán. Mo ti sọ pé ọmọ dáadáa ni."

Ẹ gbọ́ mi, àgbà ìjòyè ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì, kànga ẹlòmíràn kò kàn án mọ́.

Baálẹ̀ ní, "Ẹ̀kẹta dà?"

Wándé gbé àyà síwájú. "Ẹ̀kẹta ni pé, Baálẹ̀, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wa epo. Inú ilẹ̀ ni mo dá a padà sí. Ẹni tó dá nǹkan padà síbi tó ti wá, olè ni?"

"Ilẹ̀ tí wọ́n ti wa epo kò sí ní Ìbàdàn."

"Ilẹ̀ kan náà ni, Baálẹ̀. Ọlọ́run kò dá ilẹ̀ méjì. Mo tiẹ̀ ń gbìn ín fún wa ni. Lọ́jọ́ iwájú, ìjọba á wá gbẹ́lẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á bá epo, wọ́n á ní ta ló ṣe é. Àwọn ọmọ yín ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀."

"O ṣeun," ni Baálẹ̀ wí. "Wándé, o tọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ... ẹ̀n, mo tọ̀."

"Inú àmù lo ti bu omi tí o mu kí o tó tọ̀ ọ́. Ṣé inú àmù náà lo tọ̀ ọ́ padà sí?"

Pálọ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Ìjòyè Òsì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Wándé ní òun ní ẹlẹ́rìí, kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun pe ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni Àyàndìran, awakọ̀ takisí láti Dùgbẹ̀. Ó wọlé, ó kí Baálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

"Wándé kì í da ọ́ìlì sílẹ̀. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ló ń kó o fún, wọ́n fi ń pa inú mọ́ọ̀dù kí búlọ́ọ̀kù má bàa lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí i."

Baálẹ̀ ní, "Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun dà á sílẹ̀ ni."

Àyàndìran yíjú sí Wándé. "O ti jẹ́wọ́? O ò rán ẹnìkan wá sọ fún mi níta?"

"Oníbúlọ́ọ̀kù wo ló ń kó o fún?"

"Baálẹ̀, kò dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n kàn sọ pé oníbúlọ́ọ̀kù."

"Àyàndìran, ààfin lo wà yìí o."

"Ẹ má bínú, Baálẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé oníbúlọ́ọ̀kù kan wà lódìkejì títì. Ó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Wándé, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ bu ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù fún òun. Àwọn tó ń lagi náà ń wá a láti fi pa pákó nítorí ikán."

"Wándé kì í fún un?"

"Ó ní kó lọ. Ó ní Ẹnjinníà kì í bu ìgbẹ́ ọkọ̀ fún èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn gan-an, èmi ni mo bá a di ìdí dúrọ́ọ̀mù mú tó fi yí i sínú ihò. Dúrọ́ọ̀mù náà wúwo, Baálẹ̀. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí."

"Ẹlẹ́rìí ta ni ọ́, Àyàndìran?"

"Ti Wándé ni, Baálẹ̀."

"O ṣe é gan-an. Lọ jókòó."

Mo fẹ́ kí ẹ rò ó wò. Ẹni tó nílò ọ́ìlì náà wà níwájú ilé, ó ń bẹ̀bẹ̀, kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ rẹ̀, títì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Wándé yàn láti dà á sínú omi opó nítorí pé ojú ń tì í láti bu ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì. Ṣé ìtìjú nìyẹn?

Àyànníyì dé pẹ̀lú omi. Abọ́ táńganran funfun ló gbé e sí, kò sẹ́ni tó lè ní kerosíìnì ló wà níbẹ̀. Ojú omi náà ń dán, ó pọ́n, ó ṣe àwọ̀ ewé, ó ṣe àwọ̀ àlùkò, bí ọrùn ẹyẹlé tó wà nínú oòrùn. Ó lẹ́wà, inú sì bí mi pé ó lẹ́wà.

Ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kejì ti fò dìde. Wòlíì Ọlọ́runtóyìn ni, olórí Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú. Ó nàka sí abọ́ náà.

"Ẹ wò ó! Òṣùmàrè! Májẹ̀mú tí Ọlọ́run bá Nóà dá! Inú kànga yẹn ló yàn láti sọ̀ kalẹ̀ sí. Wándé kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Baálẹ̀ ní, "Wòlíì, òṣùmàrè máa ń rùn?"

"Òórùn dídùn ni, fún ẹni tí ẹ̀mí bá wà lára rẹ̀."

"Ẹ ti lò ó?"

"Mo ti ní kí àwọn ọmọ ìjọ fi wẹ̀ fún ọjọ́ méje."

"Kí ni wọ́n rí?"

"Ògo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára wọn."

"Èélá ni, Baálẹ̀!" Ìyá Hàrúnà kígbe. "Èélá ló yọ lára wọn! Wọ́n ń họ ara bí ajá ni gbogbo òru!"

"Wòlíì," ni Baálẹ̀ wí, "sútánà tí ẹ wọ̀ yìí mọ́ o. Ta ló bá yín fọ̀ ọ́?"

"Alágbàfọ̀ kan ni, ní Dùgbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi Ìyá Hàrúnà sílẹ̀?"

"Àbàwọ́n dúdú ló kó bá sútánà mi, Baálẹ̀. Kò ṣeé wọ̀ síwájú Olúwa."

"Àbàwọ́n kẹ̀? Mo rò pé májẹ̀mú ni."

Wòlíì nu ojú. "Májẹ̀mú yàtọ̀ lára omi, ó yàtọ̀ lára aṣọ."

"Ó jù ú lé mi lórí ni!" Ìyá Hàrúnà wí. "Ó ní n kò mọṣẹ́ mọ́, ó ní kí n máa lọ ta àgbàdo."

"Wòlíì, ta ló ń bá yín tún Dátsúùnù yín ṣe?"

"Wándé ni. Ó ń ṣe é fún Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ló ń wa Dátsúùnù náà?"

Baálẹ̀ ní kí Àyànníyì bu omi náà sínú ife mẹ́ta.

"Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ní ọ̀rọ̀ omi yìí kò tó ẹjọ́, ẹ mu ún. Ẹ má mu púpọ̀. Ẹ kàn tọ́ ọ wò. Wòlíì, ẹ̀yin ni àgbà, ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Ààwẹ̀ gbígbẹ ni mo wà lónìí, Baálẹ̀."

"Mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín lẹ́nu yín nígbà tí ẹ ń wọlé. Ó dáa. Ọ̀tún?"

"Dókítà ní kí n yé mu omi tútù."

"Ó ti ń gbóná, oòrùn pa á. Ó dáa. Wándé?"

"Òùngbẹ kò gbẹ mí, Baálẹ̀."

"Òùngbẹ kò gbẹ ọ́."

"Rárá, Baálẹ̀. N kì í tiẹ̀ í sábà mu omi."

Ìyá Hàrúnà dìde. Kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Baálẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ sì lè dá mi lẹ́bi lé e lórí. Nígbà tí mo sọ korobá yìí kalẹ̀, gbogbo ẹ̀yin ìjòyè fọwọ́ bo imú. Ọ́ìlì ọkọ̀ yín ni. Kò sí ọkọ̀ mi níbẹ̀, n kò ní ọkọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì Wándé tí ẹ ń mu Fáńtà nígbà tó ń dà á sínú omi mi."

Ọ̀tún ní, "Baálẹ̀, ta ló ń béèrè ibi tí ìdọ̀tí ń lọ?"

"Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn," ni Baálẹ̀ wí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Fòlísíwájìn tèmi náà, Wándé ló ń ṣe é. Èmi náà kò béèrè rí. Ìyá Hàrúnà, o kò jẹ̀bi. Jókòó."

Ó wá tún fìlà ṣe. A ti mọ̀ pé tó bá ti tún fìlà ṣe, ìdájọ́ ti dé nìyẹn.

"Wòlíì, ẹ̀yin ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méje tí ẹ ní kí àwọn ọmọ ìjọ fi wẹ̀, ẹ̀yin náà yóò fi wẹ̀. Àyànníyì yóò máa gbé e wá bá yín láràárọ̀, yóò sì dúró wò yín."

Wòlíì di ojú, ó gbọ̀n rìrì, ó la ojú. "Baálẹ̀, ìran náà ti yí padà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí ni. Ọ́ìlì ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ lọ sọ ọ́ fún ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì ra òògùn èélá fún wọn. Tó bá di Ajé tí ẹ kò tíì sọ ọ́, ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ó yíjú sí ìgbìmọ̀. "Àwa tí a ní ọkọ̀. Láti òní lọ, ọ́ìlì tó bá jáde nínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni yóò wọ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù ni yóò gbà á. Bí oníbúlọ́ọ̀kù bá ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun tó, ẹni tó ni ọkọ̀ yóò gbé tirẹ̀ lọ sílé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn lé ni yóò tọ́jú rẹ̀ sí títí wọn yóò fi nílò rẹ̀."

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi?" ni Ọ̀tún wí.

"Tèmi náà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni."

"Baálẹ̀, ìyàwó mi kò ní gbà."

"Ìyá Hàrúnà náà kò gbà, Ọ̀tún. Ṣé ẹ bi í?"

Baálẹ̀ wá dojú kọ Wándé, ẹ̀rín músẹ́ ti kúrò lójú Wándé pátápátá nígbà náà.

"Ìwọ Ẹnjinníà. Ihò yẹn, ìwọ fúnra rẹ ni wàá wọ̀ ọ́, bí ọkọ obìnrin yìí ṣe wọ kànga. Wàá kó gbogbo yẹ̀pẹ̀ dúdú inú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, wàá dé e, wàá tò wọ́n sábẹ́ pátákó rẹ, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè bi ọ́ pé kí nìyẹn. Ọ́ìlì tó bá jáde, orí ni wàá fi rù ú sọdá títì lọ bá oníbúlọ́ọ̀kù. Títí kànga náà yóò sì fi mọ́, omi tí Ìyá Hàrúnà máa fi ṣiṣẹ́, inú kànga tèmi ni wàá ti máa pọn ọ́n. Orí náà ni. Wàá gba ojú títì Ring Road, o ò ní gba kọ̀rọ̀."

"Baálẹ̀, àwọn oníbàárà mi á rí mi."

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. N kò tíì ṣe tán. Ẹ̀wù dúdú tó wà lọ́rùn rẹ yìí, bọ́ ọ sílẹ̀. Aṣọ funfun ni wàá máa wọ̀ ṣiṣẹ́, lójoojúmọ́, lábẹ́ ọkọ̀ àti lórí ọkọ̀. Nírọ̀lẹ́, wàá fọ̀ ọ́. Omi kànga tí o bàjẹ́ yẹn ni wàá fi fọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí aṣọ yẹn bá jáde nínú omi yẹn ní funfun, ọjọ́ yẹn ni ẹjọ́ yìí parí. Télọ̀!"

Mo fò dìde.

"Wọ̀n ọ́n."

Mo ti fa téépù yọ kí ó tó sọ ọ́ tán. Mo wọn àyà, mo wọn apá, mo wọn ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kan kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́dún yìí.

Igbe kan ta lẹ́yìn. Gbémisọ́lá ni, ìyàwó Wándé, tó ti jókòó láàárín àwọn obìnrin láìsọ̀rọ̀.

"Baálẹ̀! Ẹ ṣàánú mi! Aṣọ funfun lábẹ́ ọkọ̀? Èmi ni mò ń fọṣọ fún un!"

"Láti òní lọ," ni Baálẹ̀ wí, "kì í ṣe ìwọ mọ́. Ọwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bí mo bá gbọ́ pé o fi ìka kan bọ omi yẹn, ìwọ ni mo máa ránṣẹ́ pè."

Gbémisọ́lá ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ó kúnlẹ̀, ó ní Baálẹ̀ ṣeun, ó padà lọ jókòó, àwọn obìnrin sì ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Wándé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baálẹ̀, ẹ dá ìgbà fún un. Ẹ dákun. Ẹ ní oṣù kan, ẹ ní méjì. Epo kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀. Mẹkáníìkì ni mí, mo mọ̀ ọ́n. Ó lè pẹ́ gan-an."

"O mọ̀ pé ó máa ń pẹ́?"

"Mo mọ̀, Baálẹ̀."

"O mọ̀ ọ́n nígbà tí o ń dà á?"

Wándé fi iwájú orí kan rọ́ọ̀gì.

Ìyá Hàrúnà ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó wí. Bí kànga ọkọ mi kò bá wá mọ́ mọ́ láyé ńkọ́?"

Baálẹ̀ wo omi tó wà nínú abọ́ funfun, ó wo obìnrin náà, ó sì wo Wándé tó dojú bolẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì.

"A jẹ́ pé aṣọ funfun náà la ó fi sin Wándé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Hàrúnà nìkan ló sọ pé, "Àmín."